Ẹni tó ń ka owó ẹgbẹ́, ẹrù ló rù



Ní abúlé púpọ̀ ní agbègbè Pobè àti Sakété, àwọn ènìyàn ti kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́. Àwọn kan ń fún epo pupa. Àwọn kan ń yan gàrí. Àwọn kan ń kó àgbàdo wọn pọ̀ kí wọ́n tó tà á. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní owó, ó ní ẹrù, ó sì ní ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ò ní ju yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣe bùrò. Inú yàrá yẹn ni akọ̀wé jókòó sí. Ibẹ̀ ni akápò wà. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń tọ́jú ẹrù wà. Ibẹ̀ sì ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń wọ̀, tí wọ́n ń jáde. Ẹnì kan fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kan fẹ́ mọ iye tó kù fún òun. Ẹnì kan ò wá ohun kan, ó kàn ní kóun yà kí wọn ni.

Kò sí ẹni tó ṣe ohun búburú nínú wọn. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, akọ̀wé ò tíì parí ìṣirò kan. Èyí tó sì parí, kò dá a lójú.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyí: báwo ni àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan yóò ṣe ṣe é, tí wọn kò fi ní máa dí ara wọn lọ́wọ́, tí wọn kò sì ní bínú sí ara wọn?

ÌWÉ NI OJÚ ẸGBẸ́

Ilẹ̀ wa yìí, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Lọ́dún 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, lábẹ́ INRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe irúgbìn ọ̀pẹ tuntun? Wọ́n á mú ìran ọ̀pẹ méjì pọ̀. Ọ̀kan, èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn. Èkejì, èkùrọ́ rẹ̀ ò ní èèpo. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bá bí, èèpo èkùrọ́ rẹ̀ á fẹ́lẹ́, ẹyin rẹ̀ á sì ní epo púpọ̀.

Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi àpò bo òdòdó abo kí àjèjì má bàa kàn án. Wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú akọ tí wọ́n ti yàn sí i. Wọ́n á fi àmì sí i, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Tí ẹni tó ń kọ ọ́ bá kọ àmì kan sódì, ọ̀pẹ tí àgbẹ̀ máa gbìn lè má jẹ́ irú èyí tí wọ́n sọ fún un. Àgbẹ̀ ò sì ní tètè mọ̀. Ó di ìgbà tí ọ̀pẹ bá so, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé àṣìṣe kékeré inú ìwé lè jẹ́ ìyà ọdún púpọ̀ nínú oko.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ OHADA, tí Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn, ṣe òfin kan ní Lomé fún àwọn ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2011. Ó ní ènìyàn márùn-ún ti tó láti dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Àfi tí ọmọ ẹgbẹ́ bá tó 100, ìgbìmọ̀ lè dé ènìyàn márùn-ún. Ìyẹn ni pé ènìyàn díẹ̀ ló ń tọ́jú owó ènìyàn púpọ̀. Àwọn yòókù ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka owó. Ìwé ni ojú tí wọ́n fi ń rí i. Bí ìwé bá ṣìnà, ojú ẹgbẹ́ ti fọ́ nìyẹn.

BÍ IṢẸ́ ṢE Ń BÀJẸ́

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó.

Ká sọ pé lọ́jọ́ tí ọjà ku ọ̀la, obìnrin mẹ́wàá gbé epo wá sí ilé ẹgbẹ́. Bídọ̀n olítà 25 ni gbogbo wọn fi gbé e. Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìíní gbé 4 wá, ẹni kejì 3, ẹni kẹta 6, ẹni kẹrin 2, ẹni karùn-ún 5, ẹni kẹfà 7, ẹni keje 3, ẹni kẹjọ 4, ẹni kẹsàn-án 6, ẹni kẹwàá 5. Ẹ rò ó pọ̀. Bídọ̀n 45 ni.

Bí akọ̀wé ṣe fẹ́ kọ ti ẹni kẹfà, ẹnì kan yọjú. Ó ní: "Níbo lẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù sí?" Akọ̀wé gbójú sókè, ó wá kọ́kọ́rọ́, ó fún un. Ó padà sídìí ìwé. Ta ló kàn? Ẹni tó rí níwájú rẹ̀ ni ẹni keje. Ó kọ 3, ó ń bá tirẹ̀ lọ. 7 ti ẹni kẹfà ò sí nínú ìwé mọ́. Ìwé ní bídọ̀n 38.

Tí bídọ̀n kan bá jẹ́ 20.000 fráǹkì, 45 jẹ́ 900.000. 38 jẹ́ 760.000. Ohun tó fi dín jẹ́ 140.000 fráǹkì. Epo ò sọnù o. Ó wà nílé ẹrù. Ìwé ni kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín owó, obìnrin kẹfà á dìde. Ó máa gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò ní gbọ́ iye kankan. Kí ló máa sọ? Ó máa sọ pé wọ́n ti jẹ òun lówó. Àwọn ẹbí rẹ̀ á gbà á gbọ́. Akọ̀wé á búra pé òun ò mú nǹkan kan. Kò sì mú nǹkan kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ò lè gbè é. Orí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ẹgbẹ́ ti ń tú ká.

Ohun mìíràn tún wà tí a ò gbọdọ̀ gbàgbé ní agbègbè wa. Ẹnu ààlà la wà. Àwọn oníbàárà ń ti Nàìjíríà wá, náírà àti sẹ́fà sì lè wà lórí tábìlì kan náà. Ẹni tí wọ́n bá dí lọ́wọ́ nígbà tó ń pààrọ̀ owó méjì yìí, ìṣirò méjì ló já mọ́ ọn lọ́wọ́.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Ẹ má rò pé àìgbọ́n ló fa èyí. Àwọn tó kàwé púpọ̀ náà ń ṣìṣe bí wọ́n bá dí wọn lọ́wọ́.

Ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, àwọn olùwádìí ṣọ́ nọ́ọ̀sì 98 ní ilé ìwòsàn ńlá méjì. Wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn lóògùn. Wọ́n ṣọ́ wọn ní ìgbà 4.271. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2010. Nínú ìgbà méjì tí wọ́n bá ń fún ènìyàn lóògùn, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ẹnì kan máa dí wọn lọ́wọ́. Bí ìdílọ́wọ́ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe wọn ń pọ̀ sí i.

Àwọn awakọ̀ òfurufú náà ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, ọkọ̀ òfurufú kan já lulẹ̀ nígbà tó fẹ́ balẹ̀ nílùú Charlotte, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 72 ló kú. Àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ọ̀rọ̀ mọ́tò ni àwọn awakọ̀ ń bá ara wọn sọ. Lọ́dún 1981, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin. Tí ọkọ̀ bá ń gbéra, tàbí tó ń balẹ̀, tí kò ju nǹkan bíi 3.000 mítà lọ sókè, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá awakọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ìrìn àjò yẹn. Tí ọkọ̀ bá ti gòkè tán, wọ́n lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ wo ọgbọ́n inú òfin yìí dáadáa. Wọn ò ní kí awakọ̀ ya odi. Wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́ ní àkókò tí iṣẹ́ le jù. Ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa náà ṣe nìyẹn.

ÌPÈ ỌNÀ MẸ́TA

Ìpè tó ń wọ bùrò ẹgbẹ́ pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò lè dúró. Iná ń jó. Ara ẹnì kan ò yá. Mọ́tò tó fẹ́ kó epo ti dé, awakọ̀ ń kánjú. Irú èyí, ẹ pe akọ̀wé lójú ẹsẹ̀, kó dáhùn.

Èkejì ni èyí tó lè dúró. "Èló ló kù fún mi?" "Ọjọ́ wo ni ìpàdé?" "Ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí." Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dúró fún wákàtí kan, kò ní bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni kíkí. A ò lè sọ pé kí ènìyàn má kí ènìyàn. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ irú ẹ̀? Àmọ́ àwọn àgbà wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́. Ẹni tó bá ru ẹrù sórí, tó pàdé àgbà lọ́nà, ṣé àgbà máa retí kó kúnlẹ̀ gúnlẹ̀? Rárá. Ó máa tẹ orúnkún díẹ̀, ó máa kí i lẹ́nu, àgbà á ní "Kú iṣẹ́, ọmọ mi," oníkálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ayé rí ẹrù lórí rẹ̀.

Ẹni tó ń ka owó ẹgbẹ́, ẹrù ló rù. Kìkì pé ojú ò rí ẹrù náà ni.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ yan àkókò. Nínú ìpàdé, kí gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò lórí wákàtí tí akọ̀wé àti akápò fi máa ṣírò láìsí ìdílọ́wọ́. Bí àpẹẹrẹ, láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí agogo mọ́kànlá, lọ́jọ́ tí ẹrù bá wọlé. Kó má gùn jù. Wákàtí kan tí a pa mọ́ dára ju odindi ọjọ́ tí gbogbo ayé ń pe ènìyàn.

2. Ẹ fi àmì sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ so aṣọ pupa kan mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó: À Ń KA OWÓ. Ẹ DÚRÓ DÍẸ̀. Ẹni tó mọ̀wé á kà á. Ẹni tí kò mọ̀wé á rí aṣọ. Tí àkókò bá ti pé, ẹ tètè tú aṣọ náà. Tí aṣọ bá ń wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa kà á sí mọ́.

3. Ẹ fi ẹnì kan jókòó síta. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa gbà á fún ara wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Òun ló máa kí àlejò, tó máa fún un lómi, tó máa bi í pé: "Ṣé ó lè dúró?" Tí kò bá lè dúró, òun náà ló máa wọlé lọ pe akọ̀wé.

4. Ẹ ní kàyé kan fún ìpè. Ẹni tó jókòó síta máa kọ orúkọ ẹni tó wá àti ohun tó wá ṣe sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ yìí yẹ yín. Tí akọ̀wé bá parí ìṣirò, kó mú kàyé náà, kó dá àwọn ènìyàn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ̀ pé wọn ò gbàgbé òun.

5. Ẹ parí ìlà kí ẹ tó gbójú sókè. Tí wọ́n bá pè yín láìròtẹ́lẹ̀, ẹ kọ iye tí ẹ ti kà dé sílẹ̀ ná. Ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dáhùn. Tí owó ni, ẹ fi rọ́bà di èyí tí ẹ ti kà, kó má bàa dà pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ ò tíì kà.

6. Ẹ ka owó kan tán kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ ka sẹ́fà, ẹ dì í, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí náírà tó wá kàn. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

7. Ẹ gbé tẹlifóònù kúrò lórí tábìlì. Òun náà ń pe ènìyàn, kò sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà. Ẹ gbé e fún ẹni tó jókòó síta.

8. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá náà, ẹ ṣọ́ ara yín. Ìpè kì í ti ìta nìkan wá. Akápò ń bi akọ̀wé léèrè, akọ̀wé ń bi ẹni tó ń tọ́jú ẹrù léèrè. Tí ẹ bá ní ìbéèrè márùn-ún, ẹ má béèrè wọn ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé pélébé, kí ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ẹnìkejì yín bá gbé biro sílẹ̀.

TÍ ÀGBÀ BÁ WỌLÉ ŃKỌ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣòro jù nìyí. Nínú ẹgbẹ́ púpọ̀, ọmọdé ni akọ̀wé, torí òun ló kàwé. Àwọn tó ń wọlé, bàbá rẹ̀ ni wọ́n, ìyá rẹ̀ ni wọ́n. Báwo ló ṣe fẹ́ ní kí wọ́n dúró?

Kó má sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Òfin àkókò gbọdọ̀ ti ẹnu alága jáde, níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kí àwọn àgbà náà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, tí àgbà kan bá gbàgbé tó wọlé, kí akọ̀wé dìde díẹ̀, kó kí i, kó sọ pé: "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Owó ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Kó sì rí i pé òun lọ bá a lóòótọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tí akọ̀wé bá sọ pé "mò ń bọ̀", tí kò sì wá, lọ́jọ́ mìíràn kò sí ẹni tó máa dúró mọ́.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin náà ẹ ràn wá lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí aṣọ pupa lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ sì jókòó síta, àwọn ọ̀dọ́ á wò yín ṣe àwòkọ́ṣe. Àpọ́nlé yín ò dín kù. Owó yín lẹ ń ṣọ́.

ILẸ̀KÙN KÌ Í ṢE FÚN ÌPAMỌ́

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún ohun kan. Tí ilẹ̀kùn bá ń tì, tí àwọn mẹ́ta wà nínú ilé pẹ̀lú owó, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láàrin ìlú. "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" Ìfura yìí tún burú ju ìdílọ́wọ́ lọ.

Nítorí náà, kí ẹnì kan má ka owó ẹgbẹ́ ní òun nìkan. Kí akọ̀wé kà á, kí akápò tún un kà. Tí iye méjèèjì bá bára mu, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Tí wákàtí bá pé, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kí wọ́n ka iye ọjọ́ náà sókè fún gbogbo ẹni tó wà níta: bídọ̀n mélòó ló wọlé, orúkọ àwọn tó gbé e wá, èló ni owó. Obìnrin kẹfà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tó bá wà níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló máa sọ pé: "Ẹ ò pe tèmi o!" Wọ́n á tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò ní di ẹjọ́.

Báyìí ni ìpè àwọn ènìyàn ṣe ń di ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí a bá ń ṣírò, a ò fẹ́ ẹ. Nígbà tí a bá ṣírò tán, òun gan-an la nílò láti mọ̀ bóyá a ṣe é ire. Akọ̀wé tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun rí, kì í ṣe akọ̀wé gidi. Nítorí àwọn tó ń pè é ló ṣe jókòó síbẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ JỌ RONÚ

— Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni wọ́n máa ń pè jù lọ? Ìgbà wo ni?

— Nínú àwọn ìpè tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, èwo ni kò lè dúró? Èwo ló lè dúró?

— Ta ló yẹ kó bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ lórí òfin àkókò? Ọ̀rọ̀ wo ló máa fi bẹ̀rẹ̀?

— Ìṣirò: Ènìyàn mẹ́jọ gbé àpò àgbàdo wá. Ẹni kìíní gbé 5 wá, ẹni kejì 8, ẹni kẹta 4, ẹni kẹrin 6, ẹni karùn-ún 9, ẹni kẹfà 3, ẹni keje 7, ẹni kẹjọ 6. Àpò mélòó ni? Tí akọ̀wé bá gbàgbé ẹni karùn-ún, mélòó ló máa wà nínú ìwé? Bí ẹ ṣe ń ṣe é, kí ẹnì kan nínú yín máa bi yín ní oríṣiríṣi ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe nígbà tí gbogbo ilé bá dákẹ́. Ẹ fi èyí àkọ́kọ́ wé èkejì.